Ta ló ń bá wa tẹ owó? Ìtàn ilé ìtẹ̀wé ti ara ẹni ní Nàìjíríà àti láàrin àwọn aládùúgbò rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 2011 bọ́ sí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jí lọ sí ibùdó ìdìbò láti yan àwọn aṣòfin àpapọ̀. Níbi kan, wọ́n ti ń yẹ orúkọ wò. Níbòmíràn, àwọn kan tilẹ̀ ti dìbò. Àfi bí alága àjọ elétò ìdìbò INEC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, ṣe yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Wọ́n ti sún ìdìbò síwájú.

Ìwé ló fà á. Ìwé tí wọ́n máa ń kọ èsì ìdìbò sí kò tíì dé ibi púpọ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, àwọn tó sì gba iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ọkọ̀ òfurufú tó yẹ kó gbé e wá ni wọ́n darí sí iṣẹ́ ìrànwọ́ ní Japan, níbi tí ilẹ̀ ti mì tìtì, tí omi òkun sì ya wọ ìlú ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ilẹ̀ mì ní Japan, ìdìbò dúró ní Ìbàdàn àti ní Gusau. Ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdìbò náà padà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé Nàìjíríà ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Láti ọdún 1963 ni iléeṣẹ́ Nigerian Security Printing and Minting, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Mint, ti wà. Òun ló ń tẹ náírà. Ó ń tẹ sítáǹbù, ṣẹ́ẹ̀kì, àti oríṣiríṣi ìwé tí ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yí. Kí wá ni ilé ìtẹ̀wé ti ara ẹni wúlò fún, tí ìwé pàtàkì bẹ́ẹ̀ bá tún gbọ́dọ̀ ti ojú òfurufú wá?

Ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ní yàrá ìtẹ̀wé tirẹ̀, ìbáà jẹ́ yunifásítì, ìbáà jẹ́ báńkì tàbí ìjọ, mọ ìbéèrè tí àwọn akáǹtì máa ń gbé dìde nígbà ìṣúná: èló la ń ná lórí ojú ìwé kan níbí, èló ni ará ìta máa gbà? Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ará ìta ló máa ń kéré. Ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi ju tiwa lọ, oníbàárà rẹ̀ pọ̀, a kò sì ní bá a san owó oṣù òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí. Tó bá jẹ́ ìwé ìṣirò nìkan la fẹ́ tẹ̀ lé, yàrá ìtẹ̀wé ni wọn yóò kọ́kọ́ tì pa.

Orílẹ̀-èdè náà ń ṣe irú ìṣirò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè ayé ni kì í fúnra wọn tẹ owó wọn, nítorí ẹ̀rọ náà wọ́n, orílẹ̀-èdè kékeré kò sì lè rí iṣẹ́ tó máa gbé fún un jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iye owó orí bébà kò lè dá àríyànjiyàn yìí lẹ́jọ́. Ohun tí ilé ìtẹ̀wé ti ara ẹni tó sí kì í hàn ní ọjọ́ tí nǹkan rọgbọ. Ọjọ́ tí àṣírí, àkókò, tàbí iye tí a tẹ̀ bá di ọ̀ràn ló máa ń hàn, ìtàn owó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì kún fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Owó tó ti orí omi wá

Àwọn baba ńlá wa tó ná owó ẹyọ kò fúnra wọn ṣe é. Láti erékùsù Maldives nínú òkun India ni ọ̀pọ̀ nínú ẹyọ náà ti wá, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ló sì ń kó o dé etíkun wa. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg rí ẹyọ mìíràn, tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní agbègbè Zanzibar. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó o wọ Èkó rẹpẹtẹ. Ẹyọ kún ọjà, agbára rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ to ẹyọ jọ sínú ìkòkò jókòó, ó ń wò bí ọrọ̀ rẹ̀ ṣe ń yọ́. Àwọn tó ń kó o wá ni wọ́n jèrè.

Nígbà tí owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ẹyọ, èrè ọ̀hún kàn yí ọwọ́ padà ni. Fàdákà tó wà nínú ṣílè kan kò tó ṣílè kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin iye tí wọ́n kọ sára owó àti iye tó ná wọn láti ṣe é ni èrè ẹni tó ṣe owó, àpò ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ni èrè náà sì ń wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà wa ni wọ́n ti ń ná an. Ìgbìmọ̀ tí Lord Emmott darí ló dá a lábàá pé kí àwọn ilẹ̀ tó ń ná owó náà máa jẹ èrè rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá West African Currency Board sílẹ̀ ní 1912 nìyẹn, fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia.

Èrè yí padà, àmọ́ ibi iṣẹ́ kò yí padà. Lọ́ńdọ̀nù ni ọ́fíìsì àjọ náà wà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń rọ owó onírin rẹ̀. Nígbà tí fàdákà wọ́n nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àjọ náà gbé owó bébà jáde ní 1916. Àwọn èèyàn kò fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Níbi púpọ̀, ẹni tó bá mú bébà wá sọ́jà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ẹ̀dínwó. Ta ni yóò bá wọn wí? Fàdákà ṣe é rì mọ́ ilẹ̀ ilé, bébà lójú ikán oúnjẹ ni.

Ọkùnrin tó tẹ owó Portugal láìjẹ́ pé Portugal mọ̀

Lára àwọn ilé ìtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù tó tẹ owó fún àjọ yìí ni Waterlow and Sons. Ilé ìtẹ̀wé tí orúkọ rẹ̀ gbayì ni. Òun náà ló ń tẹ nótì 500 escudo fún ilé ìfowópamọ́ àgbà Portugal, èyí tí àwòrán Vasco da Gama wà lára rẹ̀.

Ní ìparí 1924, ọkùnrin ará Portugal kan tó ń jẹ́ Artur Alves dos Reis ṣe ayédèrú ìwé àdéhùn. Ẹni ọdún 28 ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí ní Angola, tó wà lábẹ́ Portugal nígbà náà. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé wọ́n ti fún òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ láṣẹ láti tẹ owó fún Angola. Alábàáṣe rẹ̀ kan, oníṣòwò ará Netherlands, gbé ìwé náà tọ Sir William Waterlow lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní àṣírí ìjọba ni, kó má bá ẹlòmíràn sọ ọ́. Wọ́n ní tí owó náà bá ti dé Angola, àwọn máa tẹ orúkọ Angola lé e lórí, kò ní dàpọ̀ mọ́ ti Portugal.

Waterlow gbà á gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1925, ó tẹ 200,000 nótì fún wọn. Nígbà tó yá, ó tún tẹ òmíràn.

Ohun tó mú ọ̀ràn náà le ni pé kò sí ẹni tó lè pe owó náà ní ayédèrú. Irin ìtẹ̀wé tó tẹ ojúlówó ló tẹ̀ ẹ́. Bébà kan náà ni, yíǹkì kan náà ni. Akọ̀wé báńkì tó mọ owó bí ẹní mọ ojú ìyá rẹ̀ kò lè fọwọ́ pa á kó rí ìyàtọ̀. Reis fi owó yìí dá báńkì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín nínú ilé ìfowópamọ́ àgbà Portugal fúnra rẹ̀, ìyẹn iléeṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè tú àṣírí rẹ̀. (Olè tó fẹ́ ra àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ ò rí nǹkan!) Oṣù Kejìlá 1925 ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò rí nótì tí nọ́ńbà ara wọn jọ ara wọn ní ìlú Porto.

Portugal ní láti kó gbogbo nótì Vasco da Gama kúrò nílẹ̀, kó sì fi òmíràn pààrọ̀ fún aráàlú. Kò ju oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lọ tí àwọn ológun fi gbàjọba níbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún 1926. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ìtìjú owó yìí wà lára ohun tó ba ìjọba náà jẹ́ lójú aráàlú. Ẹjọ́ tí ilé ìfowópamọ́ náà pe Waterlow dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Britain, wọ́n sì dá a ní 1932 pé kí Waterlow san £610,392. Sir William, tó ti jẹ Lord Mayor ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ti kú ní ọdún tó ṣáájú.

Ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1959, ọjọ́ náà sì ni Nàìjíríà gbé nótì tirẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Waterlow yìí kan náà ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ "Federation of Nigeria" sì wà lójú rẹ̀ gbàgàdà.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀ràn Portugal ti ṣẹlẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹ̀rí pé Waterlow ṣẹ Nàìjíríà rárá. Ohun tí ọ̀ràn náà fi hàn ni bí atẹ̀wé tó jìnnà ṣe ń gba àṣẹ. Ìwé ló ń dé bá a. Tí ìwé náà bá ní òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí kì í gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ni owó, kì í sì í bá a pàdé lójú ọ̀nà oúnjẹ ọ̀sán. Nínú iléeṣẹ́ tó ní atẹ̀wé tirẹ̀, ẹnì kan ì bá ti rìn lọ sí ọ́fíìsì òkè, kó béèrè pé: "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ rán wọn?"

Guinea àti ọ̀rẹ́ tuntun rẹ̀

Nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé ní Áfíríkà, Guinea nìkan ló dìbò "rárá" nígbà tí Charles de Gaulle bi wọ́n ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, 1958 bóyá wọ́n fẹ́ máa wà pẹ̀lú Faransé lábẹ́ òfin tuntun. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ni Guinea gba òmìnira. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, 1960, Ààrẹ Ahmed Sékou Touré yọ ọ́ kúrò nínú owó CFA, ó sì gbé franc Guinea jáde.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tuntun ní ìlà oòrùn Yúróòpù ló yíjú sí. Czechoslovakia ni wọ́n ti tẹ owó náà. Àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ Faransé kò jẹ́ kó fara balẹ̀: wọ́n tẹ ayédèrú rẹ̀, wọ́n sì ń kó o wọ inú Guinea kí ọrọ̀ ajé ibẹ̀ lè dàrú. Maurice Robert, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọtẹlẹ̀múyẹ́ Faransé fún Áfíríkà, jẹ́wọ́ iṣẹ́ náà nígbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí owó náà jáde, ní 1963, Guinea tún ní láti gbé nótì mìíràn jáde.

Ilé ìtẹ̀wé ti ara ẹni kì í dènà ayédèrú. Amẹ́ríkà ń tẹ dọ́là tirẹ̀, wọ́n sì ń yí dọ́là lójoojúmọ́ ayé. Àmọ́ ọdún mẹ́ta gùn púpọ̀ fún orílẹ̀-èdè tí ọ̀tá ti rí ọ̀nà wọ àpò rẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yí àwọ̀, kó yí àmì, kó sì pààrọ̀ kí ọ̀tá tó mọ̀. Ẹni tí kò ní i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà.

Ẹni tó ń ta ẹja ló kọ́ wa ní ìpẹja

Ọdún 1963 kan náà ni Nàìjíríà dá Mint sílẹ̀. Ẹni tí ìjọba mú ṣe alábàáṣe ni De La Rue, iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbé Waterlow mì ní 1961. Ẹni tó ń ta ẹja fún wa ló wá kọ́ wa ní ìpẹja, ó sì ní ìpín nínú ọkọ̀. Èmi kò rí i bí àléébù. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kọ́ nínú ìwé: fífín irin ìtẹ̀wé, pípo yíǹkì, títẹ nọ́ńbà, kíka bébà lẹ́yọ lẹ́yọ. Kíka bébà yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Bébà tó bá bàjẹ́ lójú ẹ̀rọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á mọ́ èyí tó dára, kí gbogbo rẹ̀ lè bá iye tó wọlé mu, kí wọ́n tó pa á run.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé fi dé. Ní ìparí 1967, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé nótì tó wà nílẹ̀ kò ní níye lórí mọ́. Láàrin ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 22, oṣù Kínní, 1968, ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ní àwọ̀ mìíràn. Owó Nàìjíríà púpọ̀ wà lọ́wọ́ Biafra, wọ́n sì sáré ń kó o lọ sókè òkun láti wá ẹni tó máa gbà á kí ọjọ́ tó pé. Ní Lomé, àwọn aláṣẹ Togo mú ọkọ̀ òfurufú kan tó kó nótì Nàìjíríà, wọ́n sì ti awakọ̀ rẹ̀, Jack Malloch láti Rhodesia, mọ́lé fún oṣù mélòó kan. Kí oṣù Kínní tó parí, Biafra gbé owó tirẹ̀ jáde. Ẹ ro iye ẹnu tó gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ tó lè bá ọ̀tá lójijì.

Náírà àti kọ́bọ̀ dé ní ọjọ́ 1, oṣù Kínní, 1973. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹrin 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari tún lo ọgbọ́n àwọ̀ yìí. Àwòrán ara nótì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àwọ̀ wọn ni wọ́n pààrọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n sì fún aráàlú di ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, láti kó ti àtijọ́ wá sí báńkì. Àwọn tó kó náírà pamọ́ sí òdì kejì ẹnubodè, ní Cotonou àti Lomé, rí i pé bébà lásán ló kù sí wọn lọ́wọ́. Títí di òní, àwọn àgbà tó ṣòwò nígbà náà kì í fẹ́ràn láti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Nígbà tí ìwé ìdìbò wọ ọkọ̀ òfurufú

Ìdìbò 2011 tí a fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, 2007, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún sí ìdìbò ààrẹ, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní INEC kò ní agbára láti yọ orúkọ Atiku Abubakar kúrò lára àwọn olùdíje. Ìwé ìdìbò tí wọ́n ti tẹ̀ di aláìwúlò. South Africa ni wọ́n ti sáré tẹ òmíràn, ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò ni wọ́n sì ń já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú. Kò sí nọ́ńbà tẹ̀léǹtẹ̀lé lára rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lè rò pé nọ́ńbà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Nọ́ńbà ló ń jẹ́ ká mọ iye ìwé tó jáde, ibi tó lọ, àti èyí tí kò padà wálé. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ tí Buhari pè ní oṣù Kejìlá 2008, adájọ́ mẹ́rin fara mọ́ ìdìbò náà, mẹ́ta kò fara mọ́ ọn, nọ́ńbà tí kò sí yìí sì wà lára ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí.

Ṣé Mint ì bá ti lè tẹ ìwé ìdìbò fún gbogbo Nàìjíríà láàrin ọjọ́ márùn-ún? Ó ṣeé ṣe kó má lè ṣe é. Ibi tí akáǹtì àti atẹ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ kọjá ara wọn nìyẹn. Akáǹtì yóò ní ilé ìtẹ̀wé náà kò lágbára, kí a gbé iṣẹ́ fún ará ìta. Atẹ̀wé yóò ní nítorí pé a ń gbé iṣẹ́ fún ará ìta ni ilé ìtẹ̀wé kò fi lágbára. Ẹṣin tí a kò fún lóúnjẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, a kò lè mú un lọ sí ìdíje lọ́jọ́ Sátidé.

Àwọn mìíràn ti san ju ìyẹn lọ. Nínú ọdún 2011 yẹn kan náà, owó Libya tí wọ́n tẹ̀ ní Britain kò lè kúrò níbẹ̀ nítorí òfin ìjìyà tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fi de ìjọba Muammar Gaddafi. Ìgbà tí àjọ náà fọwọ́ sí i ni ọkọ̀ òfurufú ológun Gẹ̀ẹ́sì tó kó apá kan rẹ̀, nǹkan bí £140 mílíọ̀nù, lọ sí Benghazi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá Gaddafi jà. Ẹni tó bá kórìíra Gaddafi lè pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọba tó ń tẹ owó rẹ̀ sílùú ẹlòmíràn rí i kedere pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ní Liberia, ọ̀rọ̀ iye tí a tẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Sweden ni iléeṣẹ́ Crane ti tẹ owó tuntun fún wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ariwo ta ní Monrovia pé kọ̀ǹténà tó kó bílíọ̀nù 16 dọ́là Liberia ti pòórá, àwọn èèyàn sì tú sí ìgboro, wọ́n ń béèrè owó wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìwádìí Kroll gbé àbọ̀ jáde ní 2019, ó ní kò rí ẹ̀rí pé kọ̀ǹténà kankan sọnù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n tẹ̀, iye tí wọ́n kó wọlé àti ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ilé ìfowópamọ́ àgbà kò bá ara wọn mu. Fún ìdí èyí, wọn kò jí owó náà bí wọ́n ṣe sọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè fi ìdánilójú ka iye rẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé wà, owó kò sí

Tí a bá dúró síbí, ẹjọ́ Mint yóò ti dára jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 2022, CBN kéde pé òun máa yí ojú nótì ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Ó ní nínú bíi ₦3.2 tírílíọ̀nù tó wà nílẹ̀, bíi ₦2.7 tírílíọ̀nù kò sí nínú báńkì. Mint ni yóò tẹ tuntun. Wọ́n fi nótì náà han aráyé ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sì fi ọjọ́ 31, oṣù Kínní, 2023 ṣe òpin fún ti àtijọ́, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 10, oṣù Kejì.

Ẹ rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Èèyàn tò sí ìdí ATM láti òru. Àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ta iṣu. Owó wà lórí fóònù, kò sí lọ́wọ́. Àwọn tí kò ní fóònù kò rí oúnjẹ rà. Ní àwọn ìlú kan, wọ́n dáná sun báńkì. Ìròyìn jáde pé gómìnà CBN, Godwin Emefiele, sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn àgbà orílẹ̀-èdè pé bébà ìtẹ̀wé ti wọ́n ní Mint. CBN sẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gómìnà ṣe sọ ọ́. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí nótì àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nínáwó, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n mú òpin kúrò fún un pátápátá.

Bẹ́bà ìbá à wọ́n tàbí kó má wọ́n, ohun kan dá mi lójú. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó yẹ̀ lọ sí Japan lọ́tẹ̀ yìí. Ilé ìtẹ̀wé wà ní Èkó, ó wà ní Àbújá. Ẹni tó pàṣẹ àti ẹni tó ń tẹ̀ wà nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Síbẹ̀, nótì tuntun tó jáde kò tó èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aráàlú. Ọ̀nà tí ilé ìtẹ̀wé ti ara ẹni ń gbà wúlò ni pé kí ẹni tó ni ín béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dá ọjọ́: mélòó lẹ lè tẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta? Tí a bá ti kéde ọjọ́ kí a tó béèrè, atẹ̀wé ilé àti atẹ̀wé òkè òkun di ọ̀kan náà.

Ìdí nìyí tí èmi kò fi gba ẹ̀rí tí wọ́n sábà máa ń mú wá fún Mint, pé ó ń bá Nàìjíríà fi owó ilẹ̀ òkèèrè pamọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí ₦20 di onírọ́bà ní 2007, tí ₦5, ₦10 àti ₦50 sì tẹ̀ lé e ní 2009, ọgbọ́n tí Australia kọ́kọ́ gbé jáde ní 1988 la lò. Dọ́là ṣì ń jáde. Tí wọ́n bá fẹ́ kí aráàlú gbà pé ilé yìí tó owó tí a ń ná lé e, ìṣirò mìíràn ni kí wọ́n gbé síta: ọjọ́ mélòó ló wà láàrin àṣẹ àti ìgbà tí owó dé báńkì, bébà mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, mélòó ló bàjẹ́. Èyí ni ohun tí Portugal ì bá ti fi gbogbo wúrà rẹ̀ rà ní 1925.

Ní apá ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, ẹ mú nótì CFA kan wò. Tí ẹ bá rí lẹ́tà B lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, ti orílẹ̀-èdè Benin ni. T ni ti Togo. Lẹ́tà nìkan ló yàtọ̀. Chamalières, ìlú kékeré kan ní àárín gbùngbùn Faransé, ni ilé ìfowópamọ́ àgbà Faransé ti ń tẹ gbogbo rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Nígbà tí Ààrẹ Alassane Ouattara àti Ààrẹ Emmanuel Macron dúró pọ̀ ní Abidjan ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, 2019, wọ́n kéde ìyípadà mẹ́ta: orúkọ owó náà yóò di Eco, wọn kò ní máa kó ìdajì owó ìpamọ́ wọn sí àpò ìjọba Faransé mọ́, àwọn aṣojú Faransé yóò sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ owó náà kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.